Búrẹ́dì Tí Ìyá Mo-ti-mọ̀ Fún Ọmọ Rẹ̀ Jẹ

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe já a sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá ní ọmọ kékeré nílé.

1.

Ìyá kan wà lókè òkun tó ń rán aṣọ fèrèsé ní ilé iṣẹ́ kan. Ọwọ́ rẹ̀ yá, ara rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ èèyàn. Àléébù kan ló ní: kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo ti mọ̀." Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tuntun dé, tí ọ̀gá wọn fẹ́ kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó, ó ní òun ti mọ̀. Kí wọ́n tó ṣíwọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ti ṣẹ́ abẹ́rẹ́ inú rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sọ ọ́ ní Ìyá Mo-ti-mọ̀.

Wọ́n bí ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ilé ìwé lọ. Bàbá rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ń pè é ní Agbẹnusọ, torí ohun tí ojú ọmọ yẹn bá ti rí, ẹnu rẹ̀ á sọ ọ́. Láti kékeré ni ìdodo rẹ̀ ti yọ síta, kò sì wọlé padà. Àwọn dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni. Bí wọ́n bá ṣe é láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, wọ́n á máa gbé ọmọ wọn lọ sílé.

2.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ náà, nọ́ọ̀sì pe ìyá náà lórí fóònù. Ó ní ọmọ kò gbọ́dọ̀ jẹ ohunkóhun láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ó fẹ́ ṣàlàyé ìdí rẹ̀, àmọ́ ìyá náà ní òun ti mọ̀, ó dúpẹ́, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi máa febi pa ọmọdé.

"Kó má baà yàgbẹ́ sára lójú oorun ni," ló fi dá a lóhùn. "Wọn ò fẹ́ kó ba bẹ́ẹ̀dì wọn jẹ́."

Ẹ gbọ́ o. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Òun ló rò ó, òun náà ló fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ọkọ ti gbé ẹrù lọ sí ìlú mìíràn. Agbẹnusọ jí, ó ní ebi ń pa òun. Ìyá rẹ̀ rẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà. Àánú ọmọ ṣe é, ta ni kò sì ní ṣe? Ṣebí àwọn àgbà ló ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó gé búrẹ́dì, ó bu mílíìkì sí kọ́ọ̀pù. Ó wá wọ ìtẹ́dìí fún ọmọ tó ti fi ìtẹ́dìí sílẹ̀ tipẹ́. Lójú tirẹ̀, ó ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

"Má sọ fún àwọn nọ́ọ̀sì o," ló wí bó ṣe ń nu ẹnu ọmọ náà. "Bí wọ́n bá bi ẹ́, ṣe ni kó o dákẹ́."

3.

Nílé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bi í bóyá ọmọ ti jẹ nǹkan kan. Ó ní rárá. Dókítà tó máa fún ọmọ lóògùn oorun tún bi í. Agbẹnusọ la ẹnu láti sọ̀rọ̀, àmọ́ ìyá rẹ̀ rọra tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ọmọ náà sì pa ẹnu dé. Ìyá náà tún ní rárá.

Kò tíì jókòó pẹ́ ní yàrá ìdúró tí dókítà náà fi jáde sí i. Ó fa àga, ó jókòó tì í. Ó ní bí oorun ṣe gbé ọmọ náà ni ó bì, àti pé ẹni tí wọ́n fi oògùn kùn lóorun báyẹn kò lè wúkọ́, kò sì lè gbé nǹkan mì dáadáa. Búrẹ́dì àti mílíìkì ti gba ọ̀nà ọ̀fun wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí. Ìdodo tí wọ́n torí rẹ̀ wá, wọn ò tíì fọwọ́ kàn án.

Ìyá náà bi í pé: "Ṣé torí ẹ̀ lẹ ṣe ní kó má jẹun ni?"

"Torí ẹ̀ nìkan ni," ni dókítà wí.

4.

Bí ọkọ ṣe gbọ́, ó já ẹrù sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó yí ọkọ̀ padà. Nígbà tó dé, kò pariwo. Ó kàn bi í pé kí ni nọ́ọ̀sì yẹn sọ fún un gan-an lórí fóònù.

"Mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán," ni ìyàwó rẹ̀ wí.

Ọkùnrin náà fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ̀rù ń bà á pé ọmọ òun lè má jí.

Ọmọ jí. Ẹ bá wọn dúpẹ́. Ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá sáré díẹ̀, á dúró, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ìdodo ṣì wà níta, torí kò sí dókítà tó fẹ́ fi oògùn kùn ún lóorun títí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ á fi sàn. Èyí tí wọ́n lọ tún ṣe, wọn ò rí i tún ṣe, èyí tí kò bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló wá bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n yọ ẹ̀rọ kúrò lẹ́nu rẹ̀, nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó ní kó sọ ibi tó ń dùn ún. Agbẹnusọ kọ́kọ́ wo ojú ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì," ó ní, ohùn rẹ̀ há, "ṣé kí n sọ?"

Ìyá náà fọwọ́ bojú, ó sunkún débi pé wọ́n ní láti mú un jáde.

Ẹ̀yin òbí, bí wọ́n bá ní kí ọmọ yín má jẹun kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Bí ẹ bá ti ṣèèṣì fún un lóúnjẹ, ẹ tètè jẹ́wọ́. Wọ́n kàn máa sún iṣẹ́ náà síwájú ni, ọmọ yín á sì wà láàyè láti rí ọjọ́ náà. Ẹ má sì kọ́ ọmọ láti fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tó fẹ́ wò ó sàn. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán, ni kò jẹ́ kí agbọ́n lóró bíi ti oyin.