Ife Tí Adélaní Gbé fún Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí tán kí ẹ tó gba ife lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

1. Adélaní, ọmọ Oǹdó tó ń gbé Isikan l'Ákùúrẹ́, rí ìgò wáìnì pupa kan gbà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Ọgbà àjàrà kékeré kan nílẹ̀ Faransé ni wọ́n ti ṣe é, ọgbà tí àwọn olówó ayé ń bẹ̀ kí wọ́n tó rí ìgò kan rà. Ó tọ́ ọ wò. Ó rọ̀ lẹ́nu bí ìrì, ó ń ta sánsán bí àgbálùmọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já.

Ó parí! Gbogbo Isikan ò sinmi mọ́.

"Ẹ má gbé e mì," ni Adélaní ń kọ́ gbogbo ènìyàn. "Ẹ yí i lẹ́nu, kí ẹ tu ú. Bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn."

Ẹni tó fi ẹ̀kọ tútù dàgbà!

Ó ṣèlérí fún Akínlolú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ta kòkó rán an nílé ìwé, pé òun á gbé ìgò náà wá fún un lọ́jọ́ tí Akínlolú bá fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: Adélaní dá a mu tán.

2. Kí ojú má bàa tì í, ó rọ sóbò sínú ìgò náà, ó fi ògógóró tí kò mọ ẹni tó pọn ọ́n là á, ó dé e padà, ó gbé e lọ sí Oǹdó níbi àṣeyẹ ìfẹ̀yìntì Akínlolú.

"Àbúrò," Akínlolú ní, "ẹni tó gbé ọtí wá ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo fẹ́ pa yín ni?"

Ó bù ú sẹ́nu, ó dijú, ó yí i, ó tu ú sínú ike. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Òyìnbó Oǹdó! Tèmi ò ní í jáde o. Ẹ̀yin yòókù, ẹ máa wò mí, ọjọ́ mi ni!" Akínlolú dá a mu kanlẹ̀.

3. Ilẹ̀ mọ́. "Fọláṣadé, tan iná," Akínlolú ní.

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Oòrùn ti ń ràn.

Nílé ìwòsàn, dókítà bi Adélaní: "Kí ni wọ́n mu? Ẹ sọ òótọ́, àsìkò ń lọ."

Adélaní wo àwọn ọ̀rẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Wáìnì ni. Ojúlówó, láti Faransé."

"Ìwọ náà tọ́ ọ wò, àbí?" Akínlolú bi í.

"Mo tọ́ ọ wò, Ẹ̀gbọ́n."

Dókítà bá ń wá àìsàn mìíràn kiri. Ìrọ̀lẹ́ ni Adélaní tó jẹ́wọ́ pé ògógóró ni, májèlé inú rẹ̀ sì ti dé ojú. Oògùn gba ẹ̀mí là, kò rí ojú gbà.

Lónìí, bí Adélaní bá bomi fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Akínlolú á ti ife padà sí i.

"Kọ́kọ́ mu. Gbé e mì, kí n gbọ́ ọ lọ́fun rẹ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọtí tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀, ẹ má gbé e fún ẹnikẹ́ni. Bí dókítà bá sì béèrè ọ̀rọ̀, ẹ má fi fáàrí dá a lóhùn. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ikú tìrẹ ni wọ́n ń wí o, kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ.