Àtàǹpàkò Bíríkìlà

Ọ̀dọ́ bíríkìlà kan nu àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka ìlà ìka. Ẹ̀rọ ò fọhùn.

"Símẹ́ńtì ti jẹ ìlà ìka rẹ, ọmọ mi," ni ìyá tó jókòó sẹ́yìn káńtà iléeṣẹ́ owó ìfẹ̀yìntì wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà! Owó tí mò ń tọ́jú de ìfẹ̀yìntì ni mo fẹ́ gbà. Ọ̀rẹ́ mi máa bá mi sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọ̀sán yìí ni àwọn tó ń bá a ṣe é máa tilẹ̀kùn."

Ìyá wo ojú fèrèsé. Ọ̀rẹ́ náà wà lórí ọ̀kadà níta, ó ń tẹ họ́ọ̀nù kíkankíkan. Òun náà ló gbé télọ̀ kan wá lóṣù tó kọjá. Àná ni télọ̀ padà wá sunkún owó rẹ̀ tó ti wọgbó níwájú káńtà yìí.

"Lọ fọwọ́ sinmi. Padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọ̀sẹ̀ wo? Omi ti tán lẹ́yìn ẹja mi nìyẹn!"

Ó fìbínú jáde. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe gbọ́ pé owó ò jáde, ó tan ọ̀kadà, ó sì fi bíríkìlà sílẹ̀ lójú títì.

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ káńtà, ó mú wáyà ẹ̀rọ tí òun fúnra rẹ̀ ti fà yọ, ó tún un kì bọ ojú iná.

"Ẹni tó kàn!"