Àbọ̀ Ọ̀rọ̀

"Ẹ dákun, ẹ bá mi wò ó dáadáa," ni awakọ̀ ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bó ṣe ń tẹ̀lé ayẹ̀kọ̀wò yí tírélà po. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ dúró sí géètì, ó ń wò wọ́n. Àbúrò awakọ̀ ló wà nídìí ọkọ̀, tó ń tẹ bíréèkì.

Ọwọ́ ẹ̀rọ tó ń wọn bíréèkì kò tilẹ̀ mira.

"Ẹ ṣàánú mi, bàbá," ni awakọ̀ tún wí.

Ayẹ̀kọ̀wò ṣẹ́jú sí i. "Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí." Ó lẹ ìwé ẹ̀rí mọ́ gíláàsì, ó sì juwọ́ sí ọ̀gá pé ó ti yege. "Bíréèkì ẹ ò mú rárá o. Ojú àánú ni mo fi wò ẹ́."

Ọ̀gá ti juwọ́ sí àbúrò pé kó gbéra. Odidi ọ̀rọ̀ wá bọ́ lẹ́nu awakọ̀: "Mo mọ̀ pé kò mú! Mo fẹ́ kí ẹ dá a dúró ni! Mo ní mi ò ní wà á gba gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ìta géètì yẹn, ni ọ̀gá bá gbé e fún àbúrò mi!"

Àwọn méjèèjì ya sáré. Tírélà ti kọjá géètì pẹ̀lú ẹrù símẹ́ǹtì, ó ti dorí kọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àbúrò yọrí lójú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, a ti yege!"