Káfíńtà Tó Fi Pólíìṣì Bo Ẹ̀gbẹ́ Táyà

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ẹrù rin ọ̀nà jíjìn, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á dé òpin.

1.
Káfíńtà kan wà tí àwọn oníbàárà ń pè ní Dán-bí-Díńgí. Bí pákó bá là mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò po lẹ́búlẹ́bú igi mọ́ gọ́ọ̀mù, yóò fi dí i, yóò sì fi pólíìṣì kùn ún títí yóò fi máa dán. Bí àga náà bá wá ṣẹ́ lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, ta ni yóò rántí?

Ó kan àga fún ilé ìwé kan tó jìnnà. Tirela kékeré rẹ̀ ni wọn yóò so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, tó jẹ́ awakọ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, òkúta lórí kòtò ni ọ̀nà yẹn. Táyà tirela yín ti gbó. Ẹ ra èyí tó nípọn, tí wọ́n ṣe fún ẹrù.”

“Mo ti gbọ́.”

2.
Ó dé ọ̀dọ̀ onítáyà. Onítáyà fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ táyà kan, kò rọ̀.

“Irú èyí ni ọ̀nà burúkú ń fẹ́, bàbá.”

“Tèmi tó wà nílé ńkọ́? Ojú rẹ̀ ò tíì jẹ tán.”

“Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ńkọ́?”

Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti sán bí gìgísẹ̀ àgbẹ̀ nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Dán-bí-Díńgí mọ̀, ṣùgbọ́n owó ń dùn ún. Ó padà sílé, ó fi gọ́ọ̀mù dí ibi tó sán, ó sì fi pólíìṣì dúdú kùn ún.

3.
Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dé, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ọkàn mi ò balẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó dán ju bàtà mi lọ.”

Dán-bí-Díńgí rẹ́rìn-ín. Kò purọ́, kò sì sọ òótọ́. Ìwọ tó ń kà á, ewo ló sàn níbẹ̀?

Àwọn méjèèjì kó àga sínú tirela, wọ́n gbéra. Níbi tí ọ̀dà ojú títì ti tán, ọkọ̀ ṣì ń sáré.

“Máa rọra.”

“Kí ló dé? Ṣebí táyà tuntun ni.”

Ọ̀rọ̀ táyà dé ẹnu Dán-bí-Díńgí. Bó bá sọ ọ́, wọn yóò padà, ojú yóò sì tì í. Ó bojú wẹ̀yìn wo tirela.

“Kò sí nǹkan kan. Àga ni mò ń rò.”

Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ni táyà ti bẹ́. Tirela yí, ó wọ́ ọkọ̀ lulẹ̀. Awọ díẹ̀ ló bó lára Dán-bí-Díńgí, ṣùgbọ́n irin há ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, ó rí táyà tó fàya nílẹ̀, gọ́ọ̀mù àti pólíìṣì ń ṣí kúrò lára rẹ̀. Ó wò ó, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

4.
Wọ́n gé ẹsẹ̀ náà. Iṣẹ́ awakọ̀ tán.

Káfíńtà ṣa igi tó dára jù nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó fi gbẹ́ ọ̀pá ìtilẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ó gbé e wá pẹ̀lú agolo pólíìṣì.

“Ó ku kí n kùn ún díẹ̀.”

“Ẹ má kùn ún, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí n máa rí igi rẹ̀ kí n tó fara tì í.”

Mo kìlọ̀ fún yín: ohun tí ẹ̀mí ẹlòmíràn yóò gbára lé, ẹ má fi dídán bo àbùkù rẹ̀. Bí ẹ bá sì ti bò ó, ẹ sọ ọ́ kí ọkọ̀ tó gbéra. Ìtìjú yóò kọjá, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kì í hù. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.