Apá Miriam Ni Dókítà Wọ̀n

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ka èyí dé ìdajì kẹ́ ẹ pa á tì. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí tẹ̀gbọ́n tàbúrò yín.

1. Sarah ń ta ẹja yíyan l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Efire ló ti ń kó o wá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá a fínra, àmọ́ Dókítà Ọlátúbọ̀sún, tó ti ń tọ́jú gbogbo ilé wọn láti ìgbà tí Miriam àbúrò rẹ̀ ti wà lọ́mọdé, kì í jẹ́ kó burú. Á wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á bi í bó ṣe ń sùn, á bá a jà lórí iyọ̀. Ìjà iyọ̀ yẹn ti sú Sarah.

2. Dókítà lọ sinmi, ẹlòmíì dúró dè é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ọjà ń yá. Sarah pe Miriam.

"Lọ bá mi gba oògùn. Tuntun yìí ò mọ ojú mi. Tó bá pe Sarah, kó o dáhùn."

"Ẹ̀gbọ́n mi, tó bá ní òun fẹ́ wọn ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?"

"Na apá sí i. Àbí o ò lápá ni?"

3. Dókítà tuntun náà wọ̀n ọ́n, ó rẹ́rìn-ín. "Mọ́mì, ẹ̀jẹ̀ yín ti wálẹ̀ dáadáa. Ẹ dá èyí tó le yẹn dúró, kẹ́ ẹ máa lo kékeré yìí."

Ìtìjú ò jẹ́ kí Miriam jẹ́wọ́, ó gba oògùn kékeré náà. Ìgbà tó délé ló tó sọ̀rọ̀.

"Apá tèmi ni wọ́n wọ̀n o. Ẹ má dá tiyín dúró."

"Ṣebí ìyá kan náà ló bí wa," ni Sarah wí. "Tí tìẹ bá ti wálẹ̀, tèmi náà ń bọ̀ lọ́nà." Ó sì dá oògùn tó le yẹn dúró.

4. Kò pẹ́ kò jìnnà, Sarah ń yọ ẹja fún oníbàárà, ẹja bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ kó mú un, kò lè nàró mọ́. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Oníbàárà ṣì ń nawọ́ owó sí i.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, Dókítà Ọlátúbọ̀sún ti dé láti ìsinmi. "Ta ló ní kó dá oògùn yẹn dúró?" Miriam jẹ́wọ́. Dókítà ò pariwo, ó kàn jókòó ti bẹ́ẹ̀dì. "Ìwọ ni wọ́n tọ́jú, Miriam. Ẹni tó ń ṣàìsàn, wọn ò rí i sójú."

Kí ọkọ̀ tó máa gbé e lọ sí ọsibítù ńlá tó dé, Sarah ti kú. Miriam ò lè sunkún.

Ẹ̀yin tí ọjà kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè, ẹ lè rán èèyàn lọ ra epo, ẹ lè rán an lọ gbé ẹja. Ẹ má rán ẹnikẹ́ni lọ ṣàìsàn fún yín. Dókítà tó mọ ilé yín, tó ń bá yín jà lórí iyọ̀, ẹ má sá fún un. Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.