Àmùrè Funfun Tó Dá Ẹ̀jẹ̀ Dúró ní Ìgandò

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ pa á tì. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

1.
Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni, òjò wínníwínní ń rọ̀ ní Ìgandò. Báyọ̀dé ń po sìmẹ́ǹtì fún Ọláyíwọlá, ọ̀gá tó ń lẹ táìsì sílẹ̀ ilé. Ọ̀gá yìí mọ iṣẹ́ dunjú, ṣùgbọ́n ó ti tú irin tó bo abẹ ẹ̀rọ tó fi ń gé táìsì sọnù. Ó ní irin náà kì í jẹ́ kí òun rí ojú ìlà tí òun fẹ́ gé.

"Ọ̀gá, ẹ̀rọ yìí ń bà mí lẹ́rù o."

Ọ̀gá bú sẹ́rìn-ín. "Lébìrà, po sìmẹ́ǹtì ẹ jàre! Ọdún mẹ́tàdínlógún, ṣé ó gé mi rí?"

2.
Kò pẹ́ rárá tí abẹ fi há sínú táìsì. Ẹ̀rọ ta padà, ó la ọ̀gá nítan. Ẹ̀jẹ̀ ń tú bí omi páìpù tó bẹ́. Báyọ̀dé bu sìmẹ́ǹtì gbígbẹ dà sí i, bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń ṣe bí nǹkan bá ha wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀jẹ̀ gbé e lọ. Ó bu òmíràn. Ẹ̀jẹ̀ tún gbé e lọ.

Màmá Miriam, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ń ti ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà bọ̀ nínú sùtánà funfun. Igbe wọn ló gbọ́ tó fi yà wọlé.

"Gbé sìmẹ́ǹtì yẹn kúrò!"

Ó ká ìborí rẹ̀ lé ojú ọgbẹ́, ó ní kí Báyọ̀dé fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Ó tú àmùrè ìdí rẹ̀, ó dì í mọ́ itan lókè ọgbẹ́, ó ki ọwọ́ òòlù bọ inú kókó náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ ọ. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ̀jẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

Ẹnu ya Báyọ̀dé. Aṣọ lásán! Òòlù lásán!

3.
Nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwà tó ń gbé wọn lọ sí ọsibítù, Báyọ̀dé ló di òòlù náà mú.

"Tú u, Báyọ̀dé! Ẹsẹ̀ mi ń kú lọ! Àbí torí mo pè ẹ́ ní lébìrà?"

Àánú ṣe é. Ó dẹ ọwọ́ díẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ya, ohùn ọ̀gá sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ sùn.

Màmá gbá a lọ́wọ́. "Ṣé o fẹ́ pa á ni? Jẹ́ kó máa pariwo! Ẹni tó ń pariwo ṣì wà láyé."

Báyọ̀dé lọ́ ọ padà, kò sì dẹ̀ ẹ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n dé ọsibítù, nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló bá a tú ìka rẹ̀ kúrò lára òòlù náà.

Ọ̀gá yè. Ṣùgbọ́n iṣan ẹsẹ̀ ti gé, orúnkún kò ká mọ́. Ẹni tí kò lè lóṣòó kò lè lẹ táìsì.

Lọ́jọ́ Ajé, Báyọ̀dé lọ sílé Màmá Miriam, ó dọ̀bálẹ̀. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró."

Ẹ ṣọ́ra o! Ohun tí wọ́n fi bo abẹ ẹ̀rọ, ẹ má tú u. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú, ẹ má da sìmẹ́ǹtì sí i. Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bó bá jẹ́ apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá, ẹ fi aṣọ fífẹ̀ dì í le lókè ọgbẹ́, ẹ ki igi bọ kókó rẹ̀, ẹ lọ́ ọ títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi dúró, ẹ sáré dé ọsibítù, ẹ má sì tú u lọ́nà, bó ti wù kí ẹni náà ké tó.

Idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.