Onífọ́tò Tí Ó Fi Ìyá Arúgbó Bo Ògiri

Lásúnkànmí onífọ́tò, ará Ọ̀fin ní Ṣàgámù, mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ṣùgbọ́n kò bẹ̀rù irọ́. Ó mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń tú àṣírí, ó sì mọ bí ó ṣe ń bò ó. Ó máa ń fọ́nnu pé, "Ohun tí mo bá ní kẹ́ ẹ rí nìkan lẹ máa rí."

Ní ọdún 1994, Títílọpẹ́ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń kọ́ ilé fún ìyá rẹ̀ ní Simawa. Ṣóbọ̀wálé ni bíríkìlà rẹ̀. Títílọpẹ́ kọ̀wé pé, "Ẹ ya fọ́tò ògiri ránṣẹ́. Bí mo bá rí i pé ó dára ni ìyá mi yóò tó kó wọlé."

Ògiri náà kò dára. Ṣóbọ̀wálé ti jí sìmẹ́ǹtì kó, ògiri iwájú sì ti sán láti ojú fèrèsé dé ìpìlẹ̀. Ó ṣèlérí àpò mẹ́wàá nínú sìmẹ́ǹtì náà fún Lásúnkànmí, kí ibi tó sán má bàa hàn nínú fọ́tò.

Lọ́sàn-án, oòrùn ń gba ẹ̀gbẹ́ tàn sí ògiri. Òjìji kún ibi tó sán, ó dúdú bí ejò.

"Ká dúró kí oòrùn dojú kọ ọ́," Lásúnkànmí wí. "Òjìji á parẹ́."

"Ibi tó fẹ̀ nísàlẹ̀ yẹn ńkọ́?" Ṣóbọ̀wálé bi í.

"Ẹ lọ pe Màmá wá, Bọ̀ọ̀dá."

Ìyá Títílọpẹ́ dé ní aago márùn-ún. Kò ríran dáadáa mọ́.

"Ẹ sún sí ọ̀tún díẹ̀, Mà. Ẹ fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ rẹ́rìn-ín sọ́mọ yín."

"Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi, Lásúnkànmí?" Ìyá bú sẹ́rìn-ín. Lásúnkànmí ya fọ́tò náà.

Fọ́tò dé Lọ́ńdọ̀nù, ó dùn ún wò. Ìyá kó wọlé. Ní oṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ògiri dún bí igi gbígbẹ tó ń dá, ó sì wó pa ìyá lórí àga rẹ̀.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Nígbà tí ọlọ́pàá mú Ṣóbọ̀wálé, ó ké pé, "Èmi nìkan kọ́! Lásúnkànmí ló fi Màmá bo ibi tó sán!"

"Fọ́tò ni mo yà," Lásúnkànmí wí. "Èmi kọ́ ni mo kọ́lé."

Títílọpẹ́ ti dé fún ìsìnkú. Ó ní, "O rí ikú, o sì ní kí ìyá mi rẹ́rìn-ín."

Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀. Adájọ́ rán àwọn méjèèjì lọ sẹ́wọ̀n.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹni tó jìnnà fi ojú rẹ̀ lé yín lọ́wọ́ ni. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ fi hàn án. Ìmọ̀ tí a fi ń bo ewu mọ́lẹ̀ ń pànìyàn, ẹni tó sì lò ó kò ní lè sọ pé ọwọ́ òun mọ́.